Iná Tó Kẹ̀yìn Sómi

Ẹ má tíì máa wo ojú sánmà. Òjò yìí kò ní dá kí n tó sọ ọ̀rọ̀ mi tán, bó bá sì dá, ẹ ṣe bí ẹni pé kò dá. Ẹ fà mọ́ra lórí àga yẹn, kí ẹni tó jókòó lórí àpò gààrí mi sì dìde níbẹ̀, torí gààrí náà la ó mu nígbà tí ọ̀fun mi bá gbẹ. Èmi Ọdẹ́gbàmí, tí mo ti pa ẹfọ̀n tó ń pè mí lórúkọ bàbá mi, tí mo ti bá iwin jẹun nínú abọ́ kan náà tí mo sì já ẹran ọwọ́ rẹ̀ gbà, ìrìn àjò kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Ti Akínmọládùn ọlọ́kọ̀ ni. Èmi ni ǹ bá lọ o. Orúnkún ọ̀tún mi ló ní òun kò lọ, n kò sì lè fi orúnkún òsì nìkan la Igbó Ẹlẹ́mìí Méje kọjá. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo ti rí ọ.

Gbogbo yín lẹ mọ Akínmọládùn, àfi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé èbúté wa lọ́dún yìí. Ọkùnrin gíga ni, olóhùn kékeré, òun ló sì ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó wà ní Òdò-Ìkàn. Ọkọ̀ náà kò tóbi. Èèyàn mẹ́fà àti agbọ̀n ẹja mẹ́rin, ó kún. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó dìde, bátìrì ló sì ń fún bọ́tìnnì yẹn lágbára. Ṣijúadé ni ìyàwó rẹ̀, obìnrin tó ń yan ẹja, tó ń so ẹja yíyan ní mẹ́fàmẹ́fà pẹ̀lú kókó kan tí ẹlòmíràn kò lè tú: á lọ́ okùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, á wá ki ìdí rẹ̀ bọ inú ara rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń fi ọ̀bẹ gé e ni. Ṣijúadé sùn lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, kò sì jí. Àtìgbà náà ni bátìrì ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ti ń kú.

Bó ṣe ń kú náà rèé. Bí ọkọ̀ bá sáré lọ́sàn-án, bátìrì á yó. Bó bá sùn mọ́jú, ẹ tẹ bọ́tìnnì, á ní tẹ́kẹ́, ó parí. Àwọn èèyàn ní bátìrì náà ń ṣọ̀fọ̀. Akínmọládùn gbà wọ́n gbọ́, torí òun náà kò tíì bọ́ ọ̀fọ̀ lọ́rùn. Rájí, ọmọkùnrin tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní Rẹwáyà, bá a pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Rájí fẹ́ tú gbogbo wáyà kó tún un tò, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Akínmọládùn sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Rájí, jọ̀ọ́, bí o ṣe bá a ni kí o dá a padà. Bó ṣe wà nígbà ayé ìyá Morẹ́nikẹ́ ni mo fẹ́ kó wà."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nínú ilé. Ìkòkò obìnrin náà wà lórí ààrò, bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, àga rẹ̀ sì wà lẹ́bàá fèrèsé ẹ̀yìn tó kọjú sí èbúté. Akínmọládùn kì í jókòó sórí àga yẹn. Yàrá iwájú ló ń sùn, oorun sì ti máa ń gbé e lọ kí adìyẹ tó wọlé tán.

Bó bá jẹ́ ti bátìrì nìkan ni, à bá máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ Morẹ́nikẹ́ ló bà á lẹ́rù. Ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Ṣijúadé bí ni, ilé ọkọ rẹ̀ sì wà ní òdìkejì odò, ní erékùṣù Yanrìngbẹ. Oyún kejì wà nínú rẹ̀. Nígbà àkọ́bí, ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì èbúté wa wá sọ fún un pé kò gbọdọ̀ bímọ sílé mọ́ láéláé. Bí inú bá ti mú un, kí wọ́n máa gbé e bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí a bá fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sí Yanrìngbẹ, àárọ̀ dalẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì á dé ibẹ̀ kí iṣu orí iná tó jinná. Oṣù ti pé, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án lójú nọ́ọ̀sì. Morẹ́nikẹ́ pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin ni mò ń wò o." Akínmọládùn ní kó fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ ń ṣe dáadáa. Irọ́ ló pa. Kò fẹ́ kí aboyún máa ronú.

Ó wá bá mi. Ta ni ì bá tún lọ bá? Mo sọ fún un pé ní ìpẹ̀kun Igbó Ẹlẹ́mìí Méje ni Ìyá Oníná ń gbé, pé gbogbo iná ayé, ti ààrò, ti mànàmáná, ti inú bátìrì, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Kó ru bátìrì rẹ̀ lọ, kó bi í léèrè ibi tí agbára rẹ̀ ń gbà jáde. Mo gbé fìlà ọdẹ mi fún un. Fìlà yẹn ló jẹ́ kó bọ̀ láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ń sọ káàkiri pé òun kò dé e.

Ó ṣe òṣùká, ó gbé bátìrì lérí, ó wọgbó. Ọjọ́ kejì ló kan iwin kan tó dábùú ọ̀nà. Adógùn-ún-létí lorúkọ rẹ̀. Etí rẹ̀ tóbi tó ewé kókò, ìdógùn-ún funfun àti aláwọ̀ ewé sì ti dí méjèèjì pa. Ó gbé kùmọ̀ sókè, ó ní, "Sọ orúkọ rẹ kí o kọjá." Akínmọládùn sọ ọ́. Iwin kò gbọ́. Ó tún un sọ, ó fi gbogbo ọ̀fun ké e. Iwin ní, "Mo bi ọ́ lórúkọ, o ń wò mí. Ìgbéraga ni." Ó ń sọ kùmọ̀ bọ̀.

Ẹ wò ó, ká ní èmi ni, ǹ bá ti yìnbọn fún un, ìtàn ì bá sì parí síbẹ̀. Ohun tó wá sí Akínmọládùn lọ́kàn ni ọ̀bẹ ẹja Ṣijúadé. Bí ọ̀bẹ yẹn bá ti dógùn-ún, omi eérú gbígbóná ni obìnrin náà fi ń fọ̀ ọ́. Eérú iṣu tó sun lánàá ṣì wà nínú kòròbà rẹ̀. Ó bu omi mímu rẹ̀ pò ó, ó na ọwọ́ sókè, ó dà á sí etí iwin náà ọ̀tún àti òsì. Ó hó yàà, ìdógùn-ún sì ń já bọ́ sílẹ̀ ní wóróbo wóróbo. Kùmọ̀ dúró lókè.

Iwin ní, "Mo gbọ́ ẹyẹ. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí mo ti gbọ́ ẹyẹ kẹ́yìn." Ó jókòó, ó ń sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó tọ́ka sí orí Akínmọládùn. "Ọ̀gbẹ́ni, orí méjèèjì tí bátìrì rẹ fi ń sọ̀rọ̀, irú ohun tó dí mi létí ló dí wọn. Bó ti wù kí agbára pọ̀ nínú, tí etí bá dí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́." Akínmọládùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi ìyókù omi eérú fọ orí bátìrì náà títí ó fi ń dán. Ó rò pé ìṣòro òun ti tán. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní ọjọ́ kẹta ó wọ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kí-mi-má-jẹ̀ẹ́. Ohun tó rí níbẹ̀ dẹ́rù bà á ju kùmọ̀ lọ. Gbogbo èèyàn ìlú náà ló dúró gbagidi. Obìnrin kan gbé ọmọ odó sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ọkùnrin kan ń sọ àwọ̀n, àwọ̀n náà dúró sáfẹ́fẹ́. Ẹnu wọn nìkan ló ń mì. "Ẹ kú ìrìn o." "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Kálukú ń kí, kò sẹ́ni tó ń jẹ́. Òwe àwọn bàbá wọn ló kó bá wọn: wọ́n ní ẹni tó jẹ́ ìkíni ti fi hàn pé òun kéré sí ẹni tó kí òun.

Akínmọládùn kò mọ̀ nípa ìyẹn. Ọmọ tí a kọ́ nílé ni. Nígbà tí obìnrin olódó ní "Ẹ kú ìrìn o," ó ní, "Òo, ẹ ṣé o, ẹ kú iṣẹ́." Ọmọ odó já bọ́ sínú odó, gbì, obìnrin náà sì ń gúnyán lọ. Ó jẹ́ ti apẹja, àwọ̀n balẹ̀ sínú omi. Ó yí ìlú ká, ó ń jẹ́, ó ń jẹ́, títí ìlú náà fi ń hó bí ọjà. Ibẹ̀ ló ti wá yé e ìdí tí wáyà fi ń jẹ́ méjì lẹ́nu bátìrì. Ọ̀kan ń kí, èkejì ń jẹ́. Èyí tó bá lọ tí kò bá rí ọ̀nà bọ̀, iṣẹ́ kankan kò ní ṣẹlẹ̀ láàárín wọn.

Baálẹ̀ wọn bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ mọ́. Ó ní àwọn á fún un ní ilé, àwọn á máa kí i láràárọ̀. Akínmọládùn ní rárá. Baálẹ̀ rọra bi í pé, "Nílé rẹ tí o ń sáré padà sí, bí o bá wọlé tí o kágò, ta ló ń dá ọ lóhùn?"

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó ti tó ọdún kan tí kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà Baálẹ̀, ó rò ó wò, ó sì wù ú kó dúró. N kò ní parọ́ fún yín, ó wù ú gidigidi. Ṣùgbọ́n ó rántí pé Morẹ́nikẹ́ ń wo òun. Ó kọ́ wọn kí wọ́n máa jẹ́ fún ara wọn, ó gbé bátìrì rẹ̀, ó ń lọ. Títí ó fi jìnnà ni wọ́n ń kí i láti ẹ̀yìn, ó sì ń jẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ kẹrin ló dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oníná. Mo ti máa ń sọ fún yín pé obìnrin náà ga tó ìrókò. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà lónìí: kò ga. Arúgbó kúkúrú kan ni, ó ń sun àgbàdo. Akínmọládùn dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, bátìrì mi ti kú."

Ìyá gbé etí lé bátìrì náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ọ pé ó kú? Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ìpè ló ń jẹ́. Ẹ̀yin náà kọ́ ló ń kọ́ ọmọ yín pé kí wọ́n má jẹ́ ìpè tí wọn kò bá mọ ẹni tó ń pè wọ́n? Kò sẹ́ni tó kọ́ bátìrì. Ẹni tó bá pè é, á jẹ́. Bí gbogbo yín bá ti sùn, ẹnìkan ṣì wà nínú ọkọ̀ rẹ tó ń pè é, ó sì ń jẹ́ mọ́jú."

"Ta ni, Ìyá?"

"Ìwọ ni kó lọ wá a. Pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ọkọ̀ rẹ. Tú ẹnu wáyà kan kúrò lórí bátìrì, kí o wá rọra fi kan ibẹ̀ padà. Bí kò bá sẹ́ni tó ń pè, wáyà á dákẹ́. Bí iná bá ta pàrà, kékeré bó ti wù kó mọ, ẹnìkan ń pè. Tẹ̀ lé wáyà náà títí o ó fi rí i. Ṣùgbọ́n má gé nǹkan kan kí o tó mọ ẹni náà." Ó fún un ní àgbàdo sísun kan, ó sì fi ọwọ́ ra bátìrì náà lórí. Bátìrì kún, ó wúwo. "Mo ti kún un fún ọ, ṣùgbọ́n omi inú ajẹ̀rẹ̀ ni títí ìpè yẹn yóò fi dákẹ́. Rántí ohun táwọn àgbà ń sọ: bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Iná tó wà láṣọ ni kí o wá."

Ṣé ẹ gbọ́ òwe yẹn? Ọjọ́ méje gbáko ni ìrìn àjò náà gbà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, mo lọ kí i káàbọ̀, mo sì bá a lẹ́yìn ilé. Ó ti da gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú omi gbígbóná, ó jókòó pẹ̀lú agbádá ìgbéyàwó rẹ̀ lórí itan, ó ń tú ìṣẹ́po rẹ̀ wò, ó ń wá iná.

Mo ní, "Akínmọládùn, ṣé ara ń yún ọ ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Oníná ní iná wà láṣọ mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí orúnkún mi fi gbàgbé pé òun ń dùn. Èmi náà kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé iná orí aṣọ kò lè fa bátìrì gbẹ. Mo ní kó fi agbádá sílẹ̀, kó jẹ́ ká lọ sọ́kọ̀. A pe Rájí dání.

A pa gbogbo rẹ̀: iná iwájú, fèrè, ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú ọkọ̀. Akínmọládùn tú ẹnu wáyà kan, ó rọra fi kan bátìrì. Pàrà. Ó tún un ṣe. Pàrà. Nínú ọkọ̀ tí ohun gbogbo ti sùn, ẹnìkan ń pè. Ó fi ìka tẹ̀ lé wáyà, ó kó sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ìka rẹ̀ sì kan nǹkan tó rọ̀. Aṣọ ni. Wọ́n fi aṣọ wé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti bátìrì dé ìdí ọkọ̀, kí omi má baà dé ara rẹ̀. Àjákù ìró aláwòrán pẹ́pẹ́yẹ ni, ìró tí Ṣijúadé máa ń ró lọ síbi ẹja. Ní ìdí rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ wáyà ńlá tó wá láti bátìrì, wọ́n lọ́ okùn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ki ìdí rẹ̀ bọ inú ara rẹ̀.

Akínmọládùn di àjákù aṣọ náà mú.

A tẹ̀ lé wáyà náà dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Gílóòbù kékeré kan ló wà níbẹ̀ lábẹ́ ètè ọkọ̀, ewé omi àti ẹrẹ̀ ti bò ó. Mo nù ún. Ó ń tàn, díẹ̀díẹ̀. Rájí ní, "Iná kí lèyí? Ó kẹ̀yìn sómi, ó kọjú sí ilé. Kò lè ran ẹni tó ń wakọ̀ lọ́wọ́. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé e."

Akínmọládùn ní, "Má gé e." Ó jókòó ti kókó náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wo ọwọ́ tó ń ta á, kò fìgbà kan gbìyànjú àtitú u. Oòrùn kúrò lójú wa, ó bọ́ sẹ́yìn wa, kó tó rí ibi tí ìdí okùn wọlé sí. Nígbà tó tú, ó yọ ẹnu wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó tún fi wáyà ńlá kan bátìrì. Wáyà dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ kẹsàn-án, fóònù dún. Inú ti mú Morẹ́nikẹ́. Akínmọládùn sáré dé èbúté, ó tẹ bọ́tìnnì. Èmi gan-an wà níbẹ̀, mo di ojú mi. Ẹ́ńjìnnì dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lọ, ó gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ọkọ ọmọ rẹ̀ sì dì í mú láti ẹ̀yìn. Àárín odò ni wọ́n wà nígbà tí ìrọbí fún un láyè díẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára okùn tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá bátìrì.

Ó ní, "Bàbá, ta ló tú iná Màámi?"

Akínmọládùn ní, "Iná wo?"

"Ẹ̀yin ò mọ̀ ni? Màámi ní kí n má sọ fún yín, ẹ ó máa pe àwọn ní ojo. Wọn kì í lè sùn àfi bí wọ́n bá rí i pé ọkọ̀ yín ti dé. Bí ẹ bá ti wọ yàrá, wọ́n á lọ so wáyà yẹn, wọ́n á jókòó sójú fèrèsé, wọ́n á máa wo iná náà. Ìdájí ni wọ́n ń lọ tú u, kó má baà mu bátìrì yín. Ẹ máa ń rò pé omi ni wọ́n lọ pọn."

Akínmọládùn rántí gbogbo ìdájí tí garawa fi ń dún lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá yé e. Alẹ́ ọjọ́ tí Ṣijúadé so iná náà kẹ́yìn ni kò jí. Kò sẹ́ni tó lọ tú u. Òun alára ló ní kí Rájí máa dá a padà bó ṣe bá a. Ó di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, ó ń sunkún, kò sì dín eré kù.

Nọ́ọ̀sì gba ọmọ náà ní ọ̀sán, obìnrin ni. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ ya, nọ́ọ̀sì dá a dúró. Ìyá àti ọmọ ń bẹ láàyè. Èyí tó ń ké lẹ́yìn ilé mi láàárọ̀ yìí, òun náà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Akínmọládùn so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èèkàn. Ó so wáyà Ṣijúadé padà, ó fi aṣọ rẹ̀ wé e. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó dúró ti àga náà díẹ̀, ó wá jókòó sórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó rí i: iná kékeré kan tó kọjú sí i, tó ń sọ fún un pé ẹni tó lọ ti bọ̀. Ọdún kan gbáko ni obìnrin náà ti fi ń kí i, tí kò jẹ́.

Ó fi ohùn kékeré rẹ̀ yẹn sọ ọ́ sójú fèrèsé. Ó ní, "Òo, Ṣijúadé. Mo ti dé."

Láti ìgbà náà, ìdájí kan kì í kọjá kó má lọ tú u, bátìrì rẹ̀ kò sì kú mọ́. Òjò ti dá, mo mọ̀, mo ti gbọ́ ọ láti ìgbà tí a wà lọ́dọ̀ iwin. Ẹ bu gààrí yín kí ẹ máa lọ sílé. Ẹni tó ń wojú ọ̀nà yín, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó dá a lóhùn.